Ṣọ́ọ̀bù Tí Wọ́n Fẹ́ Yá Fún Ọjọ́ Kan

Tíì náà gbóná, ọwọ́ méjèèjì ọmọ náà sì wà nínú báńdéèjì títí dé ìgúnpá, nítorí náà ìyá rẹ̀ ló ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu. Bó bá bu ṣíbí kan, yóò fẹ́ ẹ, yóò fi ètè ara rẹ̀ tọ́ ọ wò, kó tó gbé e síwájú ọmọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni ẹni tí wọ́n ń fún lóúnjẹ báyìí o, kì í ṣe ọmọ ọwọ́.

"Màámi, ó tó."

"Kò tó. Lanu."

"Inú mi ti kún."

"Ṣíbí mẹ́ta ló kún inú ẹ? Lanu jàre."

Ó lanu. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ṣùgbọ́n láti ìjẹrin tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé e dé láti ilé iṣẹ́ aṣọ, ẹnu yẹn kò mú mọ́. Bí wọ́n bá bi í ní nǹkan, á dáhùn. Bí wọn kò bá bi í, ara ògiri ló ń wò.

Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń ti ẹsẹ̀ bọ bàtà. Gbogbo òwúrọ̀ yẹn kò tíì sọ ju gbólóhùn méjì lọ, àdúrà sì ni méjèèjì.

"Nọ́ọ̀sì ní ká má jẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ yìí," ni ìyàwó rẹ̀ wí, kò sì wojú rẹ̀. "Ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún ti ń lẹ̀ mọ́ra. Ilé ìwòsàn ńlá nìkan ló lè là wọ́n."

"Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́."

"Ó dáa bẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀."

"Ìyá Abẹ́rẹ́, kí lo fẹ́ kí n ṣe? Mo ti ta pákó tó kù nílẹ̀. Kò sẹ́ni tí mo mọ̀ tí n kò lọ bá. Ọ̀dọ̀ Olúwa ló kù, ibẹ̀ sì ni mò ń lọ yìí."

Obìnrin náà tún bu tíì. Aránṣọ ni, Ìyá Aránṣọ ni àdúgbò sì ń pè é; ogún ọdún ló ti fi ń jókòó nídìí ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wọn yìí. Ó mọ ohun tí ìka méjì jẹ́ lára ẹni tí ń rán aṣọ.

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ohùn Ìyá Eléèédú níta. Obìnrin yìí ń ta èédú lábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù wọn, kò sì sẹ́ni tó lè wọlé wọn tí kò ní kọ́kọ́ kọjá lẹ́nu rẹ̀.

"Háà! Ọ̀gá fúnra wọn! Ẹ kú ẹsẹ̀ rìn o. Ẹ máa wọlé, sà. Ilẹ̀kùn tibí kì í ní àgádágodo lójú mọmọ."

Ọkùnrin tó wọlé kò ga, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó gbé agolo mílíìkì ńlá kan lọ́wọ́. Okùn aláwọ̀ ewé kan wà lọ́rùn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì ń fì lójú okùn náà lórí àyà rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń pè é ní Ọ̀gá Oníkọ́kọ́rọ́. Ogójì obìnrin ló máa ń tì mọ́ yàrá kan láti àárọ̀ títí dọ̀sán, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ́ gbé òwú lọ sílé. Ní ọjọ́ tí àgbá omi gbígbóná bẹ́ láàárín àwọn tó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ, tó sì jó Abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ yìí wà lọ́rùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sì wà ní ilé oúnjẹ lójú pópó kejì, ó ń jẹ ìrẹsì. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n sáré lọ pè é, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fọwọ́.

"Ẹ kú ilé, Màmá. Bàbá, ẹ kú ilé. Abẹ́rẹ́, ara ń kọ́?"

Abẹ́rẹ́ yí ojú sí ògiri.

"Kò burú, kò burú. Ó máa yá." Ó gbé mílíìkì kalẹ̀. Dípò kó jókòó, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, ó ń wò yí ká bí ẹni tó fẹ́ ra ilé. "Fèrèsé mẹ́ta. Ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan síta, ọ̀kan sínú ilé. Áà, Màmá! Atẹ́gùn wà níbí o!"

Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti da aṣọ bo méjì nínú wọn, nítorí láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ náà ti ń kó aṣọ rírán jáde sọ́jà ní owó pọ́ọ́kú, àwọn oníbàárà ti gbàgbé ọ̀nà ibẹ̀.

Ohun tó bá wá kò gùn. Àwọn òyìnbó tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rán obìnrin kan wá, òní náà ló ń bọ̀, ó fẹ́ fojú rí ibi tí wọ́n ti ń rán an. Ibi tí wọ́n ti ń rán an kò sì ṣeé fi hàn ẹni tó ní ojú. Ó fẹ́ yá ṣọ́ọ̀bù náà fún wákàtí mẹ́ta. Òun á kó obìnrin mẹ́wàá wá, òun á gbé pátákó ilé iṣẹ́ kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, Ìyá Aránṣọ á sì máa jẹ́ olórí àwọn aránṣọ títí àlejò á fi lọ.

"Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ tiyín," ó wí. "Aṣọ àwọn ọmọ iléèwé, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ò ní sinmi fún ọdún kan. Ìyẹn nìkan kọ́." Ó fa ìwé kan yọ lápò. "Lẹ́tà ilé ìwòsàn ńlá rèé. Ilé iṣẹ́ ló máa sanwó ọwọ́ Abẹ́rẹ́, gbogbo ẹ̀ pátá. Bí àlejò bá ti lọ, Màmá á tẹ ìka síbí, èmi náà á buwọ́ lù ú. Lọ́la, ó ti dé ọ̀dọ̀ dókítà."

Káfíńtà gba ìwé náà. Ó mọ̀wé kà. Ìwé orin àti Bíbélì ló kọ́ ọ. Ó kà á jẹ́ẹ́jẹ́, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dé àárín, ètè náà dúró.

"Wọ́n ní omi gbígbóná dà sí i lọ́wọ́ nínú ilé ìdáná ìyá rẹ̀."

Níta, Ìyá Eléèédú tó ti ń fi ṣọ́bìrì kó èédú sínú àpò dáwọ́ dúró.

"Irọ́ ni, Ọ̀gá."

"Bàbá, ìwé lásán ni. Ìka ni ká máa rò."

"Ọlọ́run ń gbọ́ o. Irọ́ ni."

Ọ̀gá Oníkọ́kọ́rọ́ yí sí obìnrin náà. "Màmá, ẹ̀yin lẹ bí i. Ẹ̀yin náà ẹ sọ̀rọ̀."

Ìyá Aránṣọ fi etí aṣọ rẹ̀ nu ṣíbí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nù ú tinú tẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ó máa ń rín sí oníbàárà tó bá ní kí ó dín owó kù.

"Ẹ lọ kó wọn wá, Ọ̀gá. A gbà."

Bí ọkùnrin náà ṣe jáde ni Káfíńtà dìde.

"O gbà? Kí n gbọ́ ọ dáadáa. O fẹ́ fi ìka ara rẹ tẹ̀wé pé ìwọ lo jó ọmọ rẹ?"

"Mo ní ó lọ kó wọn wá. N kò tíì tẹ nǹkan kan."

"Ojú rẹ kò dáa, Ìyá Abẹ́rẹ́. Ojú tó o gbé sórí yìí, mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ mọ̀ ọ́n ni tòótọ́."

"Kí lo fẹ́ ṣe fún un?"

"Mo fẹ́ kó mọ bó ṣe ń rí. Lẹ́ẹ̀kan péré."

"Fi lé Olúwa lọ́wọ́."

"Mo ti fi lé E lọ́wọ́ láti ìjẹrin. Mo sì mọ̀ pé Ó ti rí i. Ọkùnrin yẹn ni kò tíì rí i."

"Ẹ̀san kì í ṣe iṣẹ́ wa!"

"Iṣẹ́ wo wá ni tiwa? Ká máa fún ọmọ ọlọ́dún mọ́kànlélógún ní tíì mu?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sókè. "Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Abẹ́rẹ́. Ẹ lọ gbàdúrà fún ìka ọmọ yín. Bí ẹ bá sì ti gbà á tán, ẹ rántí tèmi náà, nítorí màá nílò rẹ̀."

Ọkùnrin náà wò ó títí. Ó mú fìlà, ó jáde. Ìyá Eléèédú kí i, kò dáhùn.

"Ọ̀rẹ́ mi," ni Ìyá Eléèédú wí, ó ti orí bọ inú ilé. "Bàbá kò kí mi o. Ìjà yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í ran àdúgbò."

"Gbọ́ tìrẹ. Bí wọ́n bá wọlé tán, má jìnnà sí ilẹ̀kùn."

"Níbo ni mo fẹ́ lọ? Láti àárọ̀, ta ló ra èédú?"

Kí òòrùn tó dé àárín ọ̀run, ṣọ́ọ̀bù ti yí padà. Pátákó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn obìnrin mẹ́wàá jókòó, wọ́n wọ aṣọ búlúù tuntun tí ojú ibi tí wọ́n ti ká a kò tíì kúrò lára rẹ̀, pẹ̀lú bàtà tí wọ́n á bọ́ sílẹ̀ bó bá di ìrọ̀lẹ́. Mẹ́rin wà nídìí ẹ̀rọ, àwọn yòókù ń gán bọ́tìnnì, wọ́n sì ń lọ aṣọ. Kò sí èyí tó lè wojú Ìyá Aránṣọ. Ọ̀kan ṣoṣo, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, ló yọ́ bi í létí pé, "Màmá, Abẹ́rẹ́ ti jẹun?" Ọ̀gá Oníkọ́kọ́rọ́ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, pá! Gbogbo orí tẹ̀ ba. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: àtẹ́wọ́ kan, ẹnu dákẹ́, àtẹ́wọ́ méjì, kí wọ́n dìde.

Ìyá Aránṣọ wọ yàrá lọ. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó sùn. Ó fa ilẹ̀kùn tó jáde láti inú ilé sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti irin ìdábùú rẹ̀ bọ ojú ihò láti inú ilé. Lẹ́yìn náà ó mú àgádágodo ṣọ́ọ̀bù àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó fi wọ́n sápò aṣọ rẹ̀. "Olúwa, dárí jì mí," ó wí. Kì í ṣe pé ó ti kábàámọ̀ o. Ó kàn sọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú ni. Ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé yípo, ó sì padà sí iwájú.

Obìnrin àlejò náà dé pẹ̀lú ògbufọ̀ kan. Ó wọ awò ojú, ó di ìwé mú, ó ń béèrè, ó ń kọ. Ọ̀gá Oníkọ́kọ́rọ́ ń dáhùn, ohùn rẹ̀ dùn bí ti ẹni tó fẹ́ ìyàwó. Wákàtí mélòó ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́? Mẹ́jọ. Wọ́n ń sinmi? Lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n lè jáde nígbàkúùgbà? Ilẹ̀kùn rèé, ó ṣí sílẹ̀, àbí ẹ kò rí i?

"Wọ́n ní," ni ògbufọ̀ wí, "bí iná bá sọ tàbí bí nǹkan bá bẹ́, báwo ni àwọn òṣìṣẹ́ yín ṣe ń jáde?"

"Láàárín ìṣẹ́jú kan ni," ni Ọ̀gá Oníkọ́kọ́rọ́ wí. "Oṣooṣù là ń dán an wò. Ẹ bi olórí wọn."

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Aránṣọ. Ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà níta.

"Òótọ́ ni Ọ̀gá sọ," ó wí. "Ẹ ò ṣe jẹ́ ká fi hàn wọ́n, sà? Ká ṣe é gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe é."

Kó tó dáhùn, Ìyá Aránṣọ ti bọ́ síta, ó ti fa ilẹ̀kùn. Àgádágodo náà wọlé, ó sì dún: kà!

Lẹ́ẹ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́.

Obìnrin yìí ti tọ́jú ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ gba ojú fèrèsé sọ sí Ọ̀gá Oníkọ́kọ́rọ́. Fèrèsé mẹ́ta ló wà níbí, ló fẹ́ wí, mẹ́ta ló fi ju tiyín lọ. Láti òwúrọ̀ ló ti ń tún un sọ lọ́kàn bí ẹsẹ orin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn Ọ̀gá ló kọ́kọ́ gbọ́. Ohùn obìnrin ni. "Ó ti tì í!" Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn bú sígbe. Àga ṣubú. Áyọ́ọ̀nù bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń lu ilẹ̀kùn, wọ́n ń fi èékánná ya á, wọ́n ń di irin ojú fèrèsé mú. Ọ̀kan ń pariwo pé "omi ń bọ̀, omi ń bọ̀," kò sì sí omi kankan níbẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó ń gán bọ́tìnnì ti wọ abẹ́ tábìlì, ó fi aṣọ iléèwé bo orí.

"Ọ̀rẹ́ mi," ni Ìyá Eléèédú wí. Kò ṣe àwàdà mọ́. "Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn o."

Ìyá Aránṣọ gbọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ká má parọ́, kò lò ó. Ó fẹ́ gbọ́ ohùn ọkùnrin náà ná. Ó fẹ́ kí ó ké, kí ó ké bí Abẹ́rẹ́ ṣe ké, kí ó bẹ̀bẹ̀. Ó ń dẹtí, ó ń yọ ohùn àwọn obìnrin náà kúrò nínú ariwo bí ẹni tí ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, kó lè rí tirẹ̀ gbọ́. Gbogbo ohun tó rí gbọ́ ni pá! Ọ̀gá Oníkọ́kọ́rọ́ ń pàtẹ́wọ́ fún wọn kí wọ́n dákẹ́.

"Màámi."

Abẹ́rẹ́ ti gba ẹ̀yìnkùlé yípo. Ó dúró láìwọ bàtà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú àyà bí ẹni tó gbé ẹrù.

"Ta lẹ tì mọ́ ibẹ̀?"

"Ọ̀gá rẹ."

"Ẹlẹ́rìn-ín wà níbẹ̀, mo gbọ́ ohùn ẹ̀. Òun ló bọ́ aṣọ ara ẹ̀ tó fi wé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ṣí i."

Ìyá náà ti kọ́kọ́rọ́ bọ ojú ihò rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Abẹ́rẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó ń pè wọ́n jáde, ẹnu rẹ̀ ti mú padà. "Máa bọ̀, Ẹlẹ́rìn-ín. Ìyá, ẹ jáde lábẹ́ tábìlì, kò sí omi. Ẹ má ti ara yín." Wọ́n ń jáde, wọ́n ń sunkún, ìyá rẹ̀ sì dúró níbẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ foríjì mí." Obìnrin àlejò náà jáde, awò ojú rẹ̀ ti wọ́, ògbufọ̀ tẹ̀lé e. Ọ̀gá Oníkọ́kọ́rọ́ ti fẹ́ gba àárín wọn kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n Ìyá Eléèédú ti gbé ara rẹ̀ tó tóbi dí ọ̀nà.

"Ọ̀gá, ẹ ní sùúrù. Àwọn obìnrin ló ń kọ́kọ́ jáde."

Nígbà tó ku òun nìkan, ó nu ojú, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ìdánwò ni," ó ń wí fún ògbufọ̀. "Ẹ sọ fún wọn pé ìdánwò ni. Abẹ́rẹ́, o ṣé, ọmọ dáadáa ni ẹ́."

Abẹ́rẹ́ fi èjìká ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ọn lójú.

"Màámi, ẹ tì í padà."

Ìyá Aránṣọ wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀. "Lẹ́tà ilé ìwòsàn wà lápò ẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ìka rẹ ńkọ́?"

"Ìka mi ni, Màámi. Ẹ tì í."

Ó tì í.

Ojú ọkùnrin náà yọ lẹ́nu irin fèrèsé. "Ẹni tó bá lanu nínú yín, iṣẹ́ ẹ̀ ti tán lónìí! Ṣé ẹ gbọ́?" Ó na lẹ́tà síta láàárín irin, ó fà á ya níṣojú gbogbo wọn, sí méjì, sí mẹ́rin. "Ó tán! Ẹ lọ fi ẹnu la ìka náà!" Nígbà tí wọn kò sì sá, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Orí mẹ́wàá tẹ̀ ba, ní ojú pópó, lábẹ́ òòrùn.

Obìnrin àlejò náà rí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ìwé yíya náà nílẹ̀, ó gbé e fún ògbufọ̀ pé kí ó kà á fún òun. Lẹ́yìn náà ó béèrè nǹkan kan, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Wọ́n ní," ni ògbufọ̀ wí, "níbo ni wọ́n ti ń rán aṣọ yìí gan-an?"

Pá! ni inú fèrèsé tún dún. Ẹlẹ́rìn-ín gbé orí sókè.

"Ogójì ni wá," ó wí. "Yàrá kan ni. Kò ní fèrèsé."

Ó ń sọ ọ́, ògbufọ̀ ń sọ ọ́ tẹ̀lé e, obìnrin náà ń kọ. Òmíràn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá arúgbó oníbọ́tìnnì ní kì í ṣe ìrẹsì lásán ni Ọ̀gá ń jẹ lọ́jọ́ yẹn o, ìrẹsì àti ẹran ni. Bí wọ́n bá ṣe ń sọ ọ́ ni àtẹ́wọ́ ń dún nínú ṣọ́ọ̀bù, pá! pá! pá! títí ó fi di ohun tí etí kò kà sí mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí Káfíńtà dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rí àwọn obìnrin lójú pópó. Ó rí ọmọ rẹ̀ lórí ìdúró. Ó wo àgádágodo, ó gbọ́ ẹni tí ń lu ilẹ̀kùn láti inú.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Ọ̀gá ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Kò gbójú sókè. Ó ń retí ohun tó máa sọ.

Káfíńtà ṣí fìlà. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń wí. Nígbà tó parí, ó gbé àpótí ìjókòó Ìyá Eléèédú, ó gbé e sí ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù gan-an. Ó jókòó, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó sì ní kí ọmọbìnrin tí ń sọ̀rọ̀ máa bá a lọ.